Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ọ̀pẹ: Ìbẹ̀wò Ọgbà àti Gbànjo Igi

Kókó ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò yìí lè dà bí àwàdà létí àwọn kan nínú yín. Ó dá lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń rìn láti ọgbà dé ọgbà, kì í ṣe nítorí oyè, kì í ṣe nítorí ìṣèlú, kì í sì ṣe nítorí èésú, bí kò ṣe nítorí igi ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá wo ọ̀pẹ tán, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sì lu ọmọ ọ̀pẹ ní gbànjo. Ẹni tí owó rẹ̀ bá lé ti gbogbo ènìyàn ni yóò gbé e lọ sílé. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ tí ó ní ọ̀pẹ rẹpẹtẹ nínú oko rẹ̀ ìbá rẹ́rìn-ín bí a bá sọ fún un pé ẹnì kan wọ ọkọ̀ láti ìlú kan dé ìlú mìíràn kí ó lè wo ọ̀pẹ kan péré nínú ọgbà ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀rín pa ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá yẹ ìṣe àwọn ènìyàn wọ̀nyí wò fínnífínní, a ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń fún igi tí ó bá dé àárín wọn: wọ́n ń fún un ní orúkọ, wọ́n ń fún un ní ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ń fún un ní ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Àwa Yorùbá, tí a bí sí ìdí ọ̀pẹ, ti ní nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún ọ̀pẹ tiwa rí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn, pàápàá jù lọ àwa tí a ń gbé ìgboro, ní ibi bíi Festac Town àti agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọgbà kéékèèké wà níwájú ilé, tí oko ọ̀pẹ sì jìnnà sí wa.

Irú ẹgbẹ́ tí à ń sọ

Ní ọdún 1956, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Dent Smith dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, ó pè é ní The Palm Society. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tàn dé ilẹ̀ púpọ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà di International Palm Society. Ẹgbẹ́ náà ní ìwé àtìgbàdégbà tirẹ̀. Principes ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe ìwé náà, ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí àwọn ọmọ aládé; láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń pè é ní Palms. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀pẹ lè wọ inú rẹ̀, ìbá à ṣe dókítà, ìbá à ṣe oníṣòwò, ìbá à ṣe òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ó jọ ọ́ sì wà káàkiri ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Ọsirélíà.

Bí ọjọ́ ìpàdé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pé, ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ ọjọ́ náà sábà máa ń pín sí. Èkíní ni ìbẹ̀wò ọgbà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa mú àwọn àlejò rìn láti ìdí igi kan dé òmíràn, yóò máa sọ ibi tí irúgbìn ti wá, ọdún tí ó gbìn ín, irú ilẹ̀ tí ó fi í sí, àti ìyà tí ó ti jẹ nídìí rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀kọ́. Ẹnì kan tí ó mọ igi kan tàbí ilẹ̀ kan dáadáa yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò sì bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni gbànjo, tí a ó padà sí láìpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà báyìí ṣàjèjì pátápátá ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1930 ni a ti dá Nigerian Field Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń jáde lọ wo igi, ẹyẹ, òkúta àti ibi ìtàn, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa ni kí a fi irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ wo ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa. Ohun tí ojú bá sì ti mọ́ tán, ojú kì í tún wò ó mọ́.

Èwo ni ọ̀pẹ, èwo ni kì í ṣe ọ̀pẹ?

Bí a bá wọ inú ọgbà, ìṣòro àkọ́kọ́ tí a ó bá pàdé, ìṣòro èdè ni. Ní èdè Yorùbá, bí a bá sọ pé ọ̀pẹ, igi kan pàtó ni a ní lọ́kàn, èyíinì ni igi tí ó ń so ẹyìn. Àgbọn ní orúkọ tirẹ̀, ògùrọ̀ sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa igi kó gbogbo wọn sínú agbo ilé kan ṣoṣo. Agbo ilé náà tóbi, nítorí pé irú igi tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 2,500. Ohun ìyanu ni pé ilẹ̀ Áfíríkà, bí a kò bá ka àwọn erékùṣù mọ́ ọn, kò ní tó 100 nínú wọn, nígbà tí erékùṣù Madagásíkà nìkan ní nǹkan bí 200. Lára àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà ni giginya àti goriba, gẹ́gẹ́ bí àwọn Haúsá ti ń pè wọ́n ní òkè ọya. Igi dàbínò wà lára wọn. Okùn ẹlẹ́gùn-ún inú igbó tí a fi ń hun àga kéènì náà jẹ́ ọmọ agbo ilé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífà ni ó ń fà mọ́ igi mìíràn lára.

Kí ni a fi ń dá ọmọ agbo ilé ọ̀pẹ mọ̀? Igi ìrókò a máa yọ ẹ̀ka, a sì máa sanra lọ́dọọdún. Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń gbòòrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sókè. Orí kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ní, nínú ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀, níbi tí imọ̀ titun ti ń yọ. Bí a bá gé orí náà, ọ̀pẹ náà kú nìyẹn. Kò ní orí mìíràn tí yóò fi rúwé. Nítorí èyí, a kò lè gé ẹ̀ka ọ̀pẹ gbìn bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́. Àfi irú èyí tí ó ń yọ ọmọ nídìí, bí igi dàbínò, irúgbìn ni a sábà fi ń mú ọ̀pẹ bí sí i. Irúgbìn púpọ̀ nínú wọn kì í sì í pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó tán. Èkùrọ́ ọ̀pẹ tiwa ní ti rẹ̀ a máa lọ́ra láti hù: ní ilé ìwádìí, inú ooru tí ó tó ìwọ̀n 39 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n ń fi í sí fún bí 80 ọjọ́ kí wọ́n tó fún un ní omi tí yóò fi hù. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tí ó bá fẹ́ ní ọ̀pẹ tí kò wọ́pọ̀ kò lè dá a ṣe. Ó di dandan kí ó ní ẹni tí yóò fún un ní irúgbìn, kí ó sì ní ẹni tí yóò kọ́ ọ ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Àwọn igi kan sì wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tí àwọn ènìyàn ń pè ní masquerade, tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ odi ilé, kì í ṣe ọ̀pẹ. Èyí tí òyìnbó ń pè ní sago palm, tí àwọn tí ń ta igi ọ̀ṣọ́ sì ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀pẹ. Traveller's palm, tí ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ọ̀pẹ pẹ̀lú. Àwa náà kò sì jẹ̀bi díẹ̀ nínú irú àṣìpè bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí èso kan dé láti Amẹ́ríkà ti gúúsù, tí ewé ṣóńṣó wà lórí rẹ̀ bí imọ̀, ọ̀pẹ òyìnbó ni a pè é. A ti fi orúkọ náà ta èso lọ́rẹ. Nígbà tí ojúlówó ọ̀pẹ ilẹ̀ òkèèrè wá dé tán, a kò rí orúkọ fún un mọ́.

Bí a bá rìn yí Festac Town ká

Gbogbo wa ni a mọ ìdí tí a fi kọ́ Festac Town. Láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February, ọdún 1977, Nàìjíríà gba àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé ní àlejò fún àjọ̀dún ẹ̀ẹ̀kejì iṣẹ́ ọnà àti àṣà. A kọ́ abúlé náà kí àwọn òṣèré àti àwọn aṣojú ilẹ̀ gbogbo lè rí ibi sùn. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà ni ó di ìlú tí àwọn ìdílé ń gbé, pẹ̀lú àwọn òpópónà tí a fi nọ́ńbà dá mọ̀.

Ẹni tí ó bá rìn ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú olólùfẹ́ ọ̀pẹ yóò rí i pé àjọ̀dún náà kò tíì tú. Igi gíga tí ara rẹ̀ funfun bí òpó tí a fi símẹ́ǹtì mọ, tí àwọn tí ń ta igi ọ̀ṣọ́ ń pè ní royal palm, láti Kúbà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó ti wá. Èyí kékeré tí ó ń yọ ọmọ púpọ̀ nídìí, tí igi imọ̀ rẹ̀ pọ́n bí òdòdó, tí a sábà máa ń gbìn sínú ìkòkò níwájú ilé àti ọ́fíìsì, láti Madagásíkà ni ó ti wá. Ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú ọgbà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú igbó tí a bí i sí. Àgbọn tí a rò pé ọmọ Àgbádárìgì ni, àwọn atukọ̀ Potogí ni wọ́n gbé e dé etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àlejò ni gbogbo wọn, ilẹ̀ wa sì ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, onílẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í kí. Ọ̀pẹ tiwa, tí ẹyẹ tàbí òkété gbé èkùrọ́ rẹ̀ jù sí ẹ̀yìn odi, a kì í pè é ní òdòdó. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, a ó ní ó ń kó ejò wálé, a ó sì gé e. Ògùrọ̀, tí ó fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi ní àwọn ilẹ̀ àbàtà Èkó, ń lọ bí a ti ń da yanrìn sí àbàtà láti kọ́ ilé.

Èmi kò sọ pé kí a fa àlejò tu. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹgbẹ́ kan bá ń bẹ ọgbà wò ní Festac Town, ó yẹ kí ìbéèrè tí wọ́n bá bi igi Kúbà jẹ́ èyí tí wọn yóò bi igi tiwa náà. Níbo ni ó ti wá? Ta ni ó gbìn ín? Irú èwo ni? Ìbẹ̀wò náà yóò sì wúlò fún onílé lọ́nà mìíràn. Wọn yóò sọ fún un pé royal palm a máa ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, nítorí náà kí ó má gbìn ín sí abẹ́ wáyà iná. Wọn yóò sọ fún un pé kí ó má gbin àgbọn sí ibi tí ọkọ̀ tàbí ọmọdé ń dúró sí. Wọn yóò sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé gbòǹgbò ọ̀pẹ dà bí irun orí, kì í sanra kí ó fa ògiri ya bí gbòǹgbò àwọn igi ńlá mìíràn.

Gbànjo àti ìwé pélébé

Ní òde òní, bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń ta nǹkan ní gbànjo, ọjà tí ó pọ̀ ju owó lọ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Gbànjo tí mo ń sọ níhìn-ín ni èyí tí alágbànjo ń pe iye, tí àwọn òǹrajà ń fi owó lé owó, títí ẹnì kan yóò fi ṣẹ́kù. Níbi ìpàdé olólùfẹ́ ọ̀pẹ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n sábà máa ń mú ọmọ igi wá. Owó tí ó bá wọlé a máa lọ sínú àpò ẹgbẹ́ fún ìwé títẹ̀, fún ìrìn àjò, tàbí fún ọgbà tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀.

Kí ni ó dé tí wọn kò kàn fi iye kan lé e? Bí ọmọ igi bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹni tí ó fẹ́ ẹ sì jẹ́ ogójì, iye tí a fi lé e kò lè tọ̀nà. Nínú gbànjo, ẹni tí ó bá san owó gidi lórí igi tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kò ní gbàgbé láti bomi rin ín. Lóòótọ́, olówó lè fi owó bo tálákà mọ́lẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dára kí ẹgbẹ́ fi àdéhùn kan kún un, pé nígbà tí igi náà bá so, ẹni tí ó rà á yóò mú lára irúgbìn rẹ̀ padà wá fún àwọn tí kò rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó ṣe pàtàkì jù níbi gbànjo yìí. Ìwé pélébé tí a so mọ́ igi náà ni. Orúkọ igi wà lára rẹ̀, ibi tí a ti ká irúgbìn rẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún tí ó hù wà níbẹ̀. Bí ìwé yìí bá sọnù, igi náà di ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ó bá wà, igi náà ní ìtàn, ẹni tí ó bá rà á sì ti gba ìtàn náà rà pẹ̀lú.

Ewu méjì ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni kí ìfẹ́ igi má sọ wá di olè igbó. Wíwú ọ̀pẹ tí kò wọ́pọ̀ nínú igbó fún títà ti sọ irú igi púpọ̀ di ọ̀wọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àdéhùn àgbáyé CITES, tí a ṣe ní Washington ní ọdún 1973, fi de òwò lórí àwọn kan nínú wọn. Ìkejì ni àrùn. Ní agbègbè Awka ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àrùn tí ń pa àgbọn láti ọdún 1917. Irú àrùn tí ó jọ ọ́ ni ó pa àgbọn rẹpẹtẹ ní Miami ní Florida láàárín ọdún 1970 sí 1980. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé igi ti òkè òkun bọ̀ láì jẹ́ kí àwọn aláyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn rí i lè fi ìfẹ́ ọ̀pẹ kan pa ọ̀pẹ gbogbo ìlú.

Èso mẹ́rin àti abúlé kan

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì sọ ohun tí ìwé pélébé náà ń ṣe.

Ní ọdún 1848, ọ̀pẹ mẹ́rin péré dé ọgbà igi ìjọba Dutch ní Bogor, ní erékùṣù Java. Méjì gba Amsterdam wá, méjì yòókù gba erékùṣù Òkun Íńdíà. Ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ tí ó dárúkọ oko tàbí ìlú tí a ti ká wọn. Nítorí ẹwà ni wọ́n fi kọ́kọ́ ń gbìn wọ́n; ní Deli, ní Sumatra, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko tábà ni wọ́n to ọmọ wọn sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n rí i pé owó ńlá wà lórí igi náà. Ní ọdún 1917, oko ọ̀pẹ ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Màléṣíà. Títí di nǹkan bí ọdún 1965, Nàìjíríà ni ó wà níwájú nínú epo ọ̀pẹ lágbàáyé. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, àwa náà sì ń ra epo ọ̀pẹ láti òkè òkun. Igi tí ó kúrò nílé láìní orúkọ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà darí wálé.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní Madagásíkà. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ igi kéde ọ̀pẹ ńlá kan tí ìwé kankan kò tíì dárúkọ rẹ̀ rí. Tahina spectabilis ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó máa ń tan òdòdó ní gbogbo ayé rẹ̀, bí ó bá sì ti so tán, ó kú. Àgbàlagbà igi náà tí wọ́n kà kò tó 100. Àwọn olólùfẹ́ ọ̀pẹ káàkiri ayé ń fẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Wọn kò lọ wú u. Wọ́n ṣètò pé kí a ká irúgbìn rẹ̀, kí a tà á fún àwọn tí ó fẹ́ gbìn ín, kí owó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí igbó náà wà lọ́wọ́ wọn. Báyìí ni àwọn ará abúlé náà ṣe rí èrè nínú kí igi náà wà láàyè. Ẹni tí ó gbin ọ̀kan nílẹ̀ òkèèrè mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ilé rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn méjèèjì, orúkọ ni, ẹlẹ́rìí sì ni.

Ohun tí a ní tí ó ń bọ́ lọ

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ ọgbọ́n yìí. Ẹ wo ọ̀pẹ Ifá. Ewé rẹ̀ kì í ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti ọ̀pẹ yòókù, lílẹ̀ ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ikin mẹ́rìndínlógún tí babaláwo ń lò, èyí tí ó ní ojú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń ṣà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ inú oko, ẹnì kan ní láti wo ewé, kí ó ka ojú èkùrọ́, kí ó sọ pé èyí yàtọ̀, kí ó sọ ọ́ lórúkọ, kí àwọn mìíràn sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí olólùfẹ́ ọ̀pẹ ń ṣe ní Florida náà nìyẹn. Nígbà tí UNESCO gbé Ifá ga ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo ènìyàn sọ. Ìwọ̀nba ni ó rántí pé ọgbọ́n nípa igi wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ náà kò sì tíì tán ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1939 ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ ti wà nítòsí ìlú Benin; láti ọdún 1964 ni a ti ń pè é ní NIFOR. Ọ̀pẹ, àgbọn, ògùrọ̀ àti dàbínò ni iṣẹ́ tí a yàn fún un. Àwọn ará Màléṣíà fúnra wọn ṣì padà wá sí Áfíríkà wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbọn àtíkè akọ òdòdó sórí abo òdòdó ọ̀pẹ wọn, títí di ọdún 1981 tí wọ́n kó kòkòrò kékeré kan láti Kamẹrúùnù lọ, tí kòkòrò náà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀pẹ ti lọ láti ọdún 1848. Ohun tí ó mọ ọ̀pẹ jù lọ ṣì wà nílé.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà ní ibùdó ìwádìí kò tó bí ó bá kúrò lẹ́nu ará ilé. Èdè wa ní igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ó ní akọpẹ àti adẹ́mu, ó ní imọ̀ àti màrìwò, ó ní ẹyìn, èkùrọ́, ihá, ògùṣọ̀ àti àdín. Ọmọ tí a bí sí Festac Town lè pe gbogbo rẹ̀ ní palm tree, kí ó sì rò pé òun ti sọ ọ́ tán. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ìwé nìkan. Nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń fi ọwọ́ tọ́ka sí nǹkan kan kí ó pè é, orúkọ nǹkan náà ti wọ koríko nìyẹn.

Ọ̀nà tí a lè gbà bẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ irú èyí kò ná wa ní owó ńlá. Ìdílé mẹ́wàá ní òpópónà kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yan ọ̀sán Sátidé kan, kí wọ́n rìn yí ọgbà ara wọn ká, kí ọmọdé kan mú ìwé dání láti kọ orúkọ ọ̀pẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Ìgbò, ní Haúsá àti ní èdè àwọn onímọ̀, nítorí pé gbogbo ẹ̀yà ni ó ń gbé Festac Town. Kí wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta igi ọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti kọ́ wọn ní ìtọ́jú igi inú ìkòkò. Kí wọ́n pe akọpẹ àgbàlagbà kan láti òde Àgbádárìgì tàbí láti ìlú baba ẹnì kan nínú wọn, kí wọ́n fi í sí orí àga ọlọ́lá, kí wọ́n sì bi í ní orúkọ irú ọ̀pẹ tí ó ti gùn rí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lu gbànjo. Kí ọmọ royal palm wà níbẹ̀, kí ọmọ igi Madagásíkà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ ọ̀pẹ tiwa àti ọmọ ògùrọ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé lára wọn bí ti àwọn yòókù.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má fi owó lé ọ̀pẹ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dùn yín. Kí alágbànjo ṣáà ka ohun tí a kọ sára ìwé rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjókòó gbọ́: orúkọ rẹ̀, ìlú tí a ti ká a, ẹni tí ó gbìn ín. Ibẹ̀ ni iye owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ wa tẹ ohun tí a gbìn.